Dúróònù Mi Ló Kọ́kọ́ Dé Ibẹ̀

Bí ẹ bá ti ṣe ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí ìwúyè ní Fídítì láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí n ti rí àtàrí yín. Èmi ni mo ni ẹ̀rọ kékeré tó máa ń kùn bí oyin lókè orí àwọn àlejò, èyí tí àwọn ìyá àgbà máa ń fi ìborùn bojú fún. Dúróònù là ń pè é. Kámẹ́rà ló wà nídìí rẹ̀, èmi ni mo sì ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀, bí ẹni tí Ọlọ́run yá ní ojú kan.

N kò sọ èyí láti polówó ọjà. N kò ní ọjà kankan mọ́. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: ọkùnrin tó ń rí gbogbo ìlú láti òkè, tí kò rí ohun tó wà níwájú imú rẹ̀.

Akinolúwa ni orúkọ mi. Mosúnmọ́lá ìyàwó mi ń ṣe tíṣà ní Ìlóra. Ọmọ Ìlóra náà ni Ikrimah, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti jọ wà ní girama. Ẹ̀ṣọ́ igbó ni Ikrimah, ó ń bá wọn ṣọ́ igbó ìjọba kan lápá òkè Ọ̀yọ́, kí àwọn ọdẹ má baà pa ẹranko ibẹ̀ tán. Mo máa ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń bi í pé, "Ikrimah, àwọn ọ̀bọ ńkọ́? Ṣé wọ́n kí mi?" Òun náà á ní, "Wọ́n ní kí o wá ya àwọn ní fọ́tò."

Bí ayé mi ṣe wà nìyẹn nígbà tí Ẹnjiníà Joel wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Ojú títì àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ọsàn. Ọkùnrin náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, Yorùbá rẹ̀ dùn, ó sì jọ ẹni tó ti jẹun kánú kó tó kúrò nílé. Kó tó sọ ohun tó bá wá, ó ní kí a kọ́kọ́ gbàdúrà. Ó gbàdúrà sórí kámẹ́rà mi. Ó gbàdúrà sórí bátìrì. Ó gbàdúrà sórí àga tí mo jókòó lé. Pásítọ̀ wa ní Onítẹ̀bọmi kò gbàdúrà tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù náà. Àmín mi ń ròkè lálá.

"Dáírẹ́kítọ̀," ó ní.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Fídíò" ni wọ́n ń pè mí ní Fídítì. "Fídíò, ìyàwó ń bọ̀ o." "Fídíò, yí ẹ̀rọ rẹ síbí, bàbá ìyàwó fẹ́ jó." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, Dáírẹ́kítọ̀, ó tó láti ra ọkàn mi. Ìyókù tó san lẹ́yìn ìgbà náà, èénì ni.

"Dáírẹ́kítọ̀, mo ní oko kàjú lókè lọ́hùn-ún. Ó fẹ̀ débi pé ẹni tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀ kò ní jáde títí oòrùn á fi wọ̀. Àwọn olè sì ń wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ irú ẹ̀rọ yín yìí méjì, èyí tó ń ríran lóru, kí àwọn máníjà mi lè máa ṣọ́ ọ láti òkè."

"Kí ló dé tí ẹ ò rà á fúnra yín, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwé àṣẹ. Ẹ mọ ìjọba wa. Wọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti fẹnu kò, pé kí wọ́n má máa tà á fún ẹnikẹ́ni láìṣèwádìí, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí. Ṣé ẹ wá rí i, èmi àgbẹ̀ ni agbésùnmọ̀mí. Ẹ̀yin ti ní ìwé àṣẹ tiyín. Bí ẹ bá bá mi rà á lórúkọ yín, iṣẹ́ àgbẹ̀ lẹ ràn lọ́wọ́ yẹn."

Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lórí rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ṣàlàyé pé àwọn orílẹ̀-èdè fẹ́ dí ọ̀nà tí ohun ìjà ń gbà dé ọwọ́ àwọn apanirun, kí wọ́n dí ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n sì dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra. Ó ní àwọn ohun tó jọ nǹkan ìṣeré ló ń di ohun ìjà báyìí. Mo sọ fún rédíò náà pé kó lọ wá iṣẹ́ ṣe.

Ẹ wò ó bí ọgbọ́n ṣe pọ̀ lórí mi tó. Àwọn ọ̀mọ̀wé kóra jọ láti ìpẹ̀kun ayé dé ìpẹ̀kun ayé, wọ́n jiyàn, wọ́n ronú, wọ́n ṣe òfin. Èmi tí mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọlọ́sàn, mo wo òfin náà lẹ́ẹ̀kan, mo sì rí i pé kò kan Fídítì.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Mosúnmọ́lá. Aṣọ ni ó ń ká. Kò dáwọ́ dúró.

"Dádì Tóyọ̀sí, oko yẹn, ibo ló wà gan-an?"

"Lókè."

"Òkè ibo?"

"Òkè ibi tí wọ́n ti ń gbin kàjú."

Ó ká aṣọ kan, ó tún mú òmíràn. "Ẹ ní èyí tó ń ríran nínú òkùnkùn ló ní òun fẹ́. Kàjú wo ni wọ́n ń ká lóru?"

"Òru ni olè ń jà, Mosún."

"Ẹ ṣáà pe Ikrimah. Kò síbi tí kò mọ̀ lágbègbè yẹn. Ẹ bi í bóyá ó mọ oko kankan tó fẹ̀ tó ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ."

Mo sọ fún un pé ìdí tí n kò fi fẹ́ràn àwọn tíṣà nìyẹn, wọ́n máa ń ṣe ìdánwò fún ẹni tí kò sí ní kíláàsì wọn. Ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. N kò pe Ikrimah. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n èmi kò béèrè, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á júwe ọ̀nà fún mi.

Mo ra ẹ̀rọ méjì náà ní Èkó lórúkọ mi. Joel ní dúdú ni kí n rà. Ó ní funfun máa ń tètè dọ̀tí lóko. Mo ní òótọ́ ni, bí ẹni pé inú ẹrẹ̀ ló máa ń fò.

Lẹ́yìn náà ló mú àwọn máníjà rẹ̀ wá kí n kọ́ wọn. Pápá gbalasa kan lọ́nà Ìwàré la lò. Ọ̀kan sanra, kò sọ̀rọ̀ rárá. Ìkejì tín-ín-rín, òun ló ń béèrè ìbéèrè.

Ó ní, "Ọ̀gá, báwo ló ṣe máa ga tó kí ẹni tó wà nílẹ̀ má baà gbọ́ ọ?"

Mo rò ó pé etí àwọn olè kàjú yìí mà mú o. Mo kọ́ ọ.

"Tó bá jẹ́ pé ènìyàn wà lábẹ́ igi ńkọ́? Ṣé ó lè rí wọn?"

Mo kọ́ ọ ní ìyẹn náà. Mo fi ayọ̀ kọ́ ọ. Kò sí ìyàwó ọ̀sìngín kan tó bi mí ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a ń sinmi, mo bi wọ́n pé ṣé kàjú wọn ti so. Èyí tó tín-ín-rín ní, "Ó so gan-an ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká a ni." Ẹ jọ̀wọ́, àárín òjò la wà. Ọmọ ọwọ́ tó ti jẹ kàjú rí mọ̀ pé kì í so lásìkò náà. Mo wo ojú rẹ̀. Ó wo ojú mi. Mo bá ní kí a padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ wa.

Mo ya gbogbo rẹ̀ ní fídíò, nítorí mo fẹ́ fi ṣe ìpolówó pé mo ti di olùkọ́. Joel kò mọ̀ pé kámẹ́rà kejì wà lórí mọ́tò mi. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, mo tẹ sàtífíkéètì fún àwọn méjèèjì. Mo bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Bóyá èmi nìkan ni mo tíì fún irú wọn ní sàtífíkéètì ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Mo ń tún kámẹ́rà kan ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Ikrimah pè.

"Akin, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan nípa iṣẹ́ rẹ. Nǹkan kan ń wá sókè àgọ́ wa. Ó wá lánàá, ó tún wá lónìí. Ó jọ tìẹ, àmọ́ dúdú ni."

Mo gbé kámẹ́rà náà kalẹ̀.

"Kí ló ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn dúró lókè, ó ń wò wá. Sìrájù tá a jọ ń ṣọ́ igbó ní kí a jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́, kí wọ́n fi sójà kún wa. Bàbá Ezekiel náà sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò fẹ́ ká pariwo lórí nǹkan tí kò tó nǹkan, kí wọ́n má wá máa fi wá rẹ́rìn-ín. Ìwọ lo mọ̀ nípa ẹ̀. Kí lo rí sí i?"

"Jẹ́ kí n bá ọ ṣèwádìí."

Mo ṣe ìwádìí lóòótọ́. Mo pe olè, mo bi í bóyá ó jalè.

Ohùn Joel kò yí padà rárá. "Dáírẹ́kítọ̀ mi, àwọn máníjà yẹn ni. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, atẹ́gùn ló gbé e kọjá ààlà oko. Ẹ bá mi bẹ ọ̀rẹ́ yín kó má sọ ọ́ di ẹjọ́ o, torí orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀rọ yẹn, kì í ṣe tèmi. Ẹ kàn sọ fún un pé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ni. Àti pé mo tún ń bọ̀ wá ra púpọ̀ sí i."

Bí a ṣe ń fi èkuru lọni, tí a sì ń fi kùmọ̀ hanni nìyẹn, nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, láìgbóhùn sókè.

N kò ní purọ́ fún yín bí mo ṣe purọ́ fún Ikrimah. N kò mọ̀ pé wọ́n máa pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe kàjú. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ pápá yẹn, bóyá kó tó di ọjọ́ yẹn pàápàá. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á wá mú mi. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá purọ́, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. "Ó ṣeé ṣe" ni mo fi ọ̀rẹ́ mi ta.

Mo pè é padà. "Ikrimah, mo ti béèrè. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ni. Má wulẹ̀ yọ ọ̀gá rẹ lẹ́nu."

"Ó dá ọ lójú?"

"Iṣẹ́ mi kọ́ ni?"

Ó mí kanlẹ̀. "O ṣeun, Akin. Mo ti sọ fún Sìrájù pé ìwọ á mọ̀ ọ́n."

Àwọn ènìyàn Joel wọ àgọ́ náà ní ìdájí, láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n gba ibi tí ẹ̀ṣọ́ kankan kì í dúró sí. Wọ́n mọ ilé tí ìbọn wà. Wọ́n mọ ibi tí mọ́tò wà, wọ́n sì ti dáná sun ún kí ẹnikẹ́ni tó lè wọ̀ ọ́ sá. Wọ́n pa Sìrájù, ọmọ Ìwàré. Wọ́n pa Bàbá Ezekiel láti Awẹ́, ẹni tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ọta ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ Ikrimah. Ó wọ́ ara rẹ̀ wọ inú koríko, ibẹ̀ ló sì wà títí àwọn sójà fi dé. Ní Ìbàdàn, dókítà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún náà kò ṣeé tún ṣe. Wọ́n gé e.

Mo pe Joel. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Àdúrà ti parí.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, gbogbo Fídítì ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ wá, a kì í pẹ́ mọ nǹkan. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nígbà tí ọkùnrin kan tí kò wọ igbó rí ju oko ọsàn lọ ṣàlàyé fún wa pé oorun làwọn ẹ̀ṣọ́ náà ń sùn. Ó ní bí wọn kò bá sùn, báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe máa já wọ àgọ́ wọn láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́? Onígbàjámọ̀ ní òótọ́ ni. Ó bi mí pé, "Fídíò, àbí kí lo rí sí i?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kúrò níbẹ̀, ó dé Jóbẹ́lẹ̀, ó dé Ìwàré, ó dé ẹnu ọ̀nà opó Sìrájù.

Láàárín ìgbà náà, mo di ọ̀rẹ́ àtàtà. Mo ń lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ń ra ọsàn Fídítì lọ, mo ń bó o, mo ń gé e fún un. Ìyá Ikrimah ń súre fún mi. Ó ní, "Akin, Ọlọ́run á fi irú rẹ jíǹkí àwọn ọmọ mi tó kù." Pásítọ̀ wa fi mí ṣe àpẹẹrẹ lórí àga ìwàásù, ó ní ẹ wo ọmọ Onítẹ̀bọmi àti ọmọ Mùsùlùmí, ẹ wo ìfẹ́. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo tẹ orí ba. Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Wẹsidé kan ni àwọn méjì wọ yàrá ọsibítù náà. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn agbófinró, obìnrin tí kì í gbóhùn sókè. Ó ní Olúwafúnmilọ́lá ni orúkọ òun. Ìkejì jẹ́ òyìnbó kan. Obìnrin náà ṣàlàyé pé iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni láti tọ ipasẹ̀ ohun ìjà àti ẹ̀rọ tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ agbésùnmọ̀mí, láti ibi tí wọ́n ti gbà á padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ó ti ṣe é ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Mo ń bó ọsàn lọ́wọ́.

Madam Fúnmilọ́lá fi fọ́tò kan han Ikrimah. "Ṣé ohun tí ẹ rí lókè àgọ́ nìyí?"

Ikrimah wò ó pẹ́. "Òun ni."

"Igi ló kọ lù tó fi já bọ́ nítòsí ibẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha nọ́ńbà ara rẹ̀ kúrò. Àmọ́ nọ́ńbà míì wà nínú rẹ̀ tí ọ̀bẹ kò lè dé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é lókè òkun sọ ẹni tí wọ́n tà á fún ní Èkó fún wa, ẹni yẹn náà sì ti sọ ẹni tó rà á."

Ìyá Ikrimah gbé abọ́ ẹ̀kọ mímu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló rà á?"

Òyìnbó náà wo fóònù rẹ̀, ó sì ka orúkọ mi. Ó kà á wọ́gọwọ̀gọ, ó jọ orúkọ àìsàn. Síbẹ̀, orúkọ mi náà ni.

Ikrimah rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìrora kò jẹ́ kó rín in tán. "Rárá, ẹ tún un wò. Akin nìyẹn. Òun ló ń bó ọsàn yẹn."

Wọ́n yíjú sí mi.

Ikrimah kò tíì fura. Ó ń gbèjà mi lọ. "Òun gan-an ni mo pè nígbà tí a rí nǹkan náà. Sìrájù ní ká sọ fún ọ̀gá, èmi ni mo ní ká kọ́kọ́ bi Akin. Ó ṣèwádìí fún wa. Ó ní àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ni. Akin, ṣàlàyé fún wọn."

Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ títí ọkọ ìyàwó tó ń bínú á fi rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ọsàn ni mo ń bó.

"Akin," Ikrimah tún pè mí. Nígbà yìí ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ṣàlàyé fún wọn."

Mo ní, "Ọkùnrin náà sọ pé oko kàjú ni."

Ikrimah yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Ìyá rẹ̀ dìde, ó gba ọsàn tí mo ń bó lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sínú àpò tí mo fi gbé e wá, ó so ẹnu àpò náà, ó sì gbé e síbi ẹsẹ̀ mi.

"Máa gbé e lọ," ló wí. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, bóyá ǹ bá ti rí nǹkan sọ.

Mo sọ ohun gbogbo fún àwọn agbófinró. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé akọni ni mí. Kò sí ohun tó kù tí mo lè fi pamọ́. Mo fún wọn ní fídíò ìpolówó mi, èyí tí ojú Joel àti àwọn máníjà rẹ̀ hàn kedere nínú rẹ̀. Fídíò náà ni wọ́n fi mú un, ní ìlú kan tó jìnnà, níbi tó ti ń wá ayafídíò míì. Alhaji ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Mọ́sálásí ló ti bá ayafídíò náà dọ́rẹ̀ẹ́. Mo gbọ́ pé àdúrà rẹ̀ dùn níbẹ̀ náà.

Nígbà tí mo ṣì wà ní àtìmọ́lé, Mosúnmọ́lá gbé oúnjẹ wá. Mo ń retí kó sọ pé òun ti kìlọ̀ fún mi. Kò sọ ọ́.

Ó ní, "Tóyọ̀sí bi mí pé ṣé dádì òun mọ̀. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Sọ fún un pé mo mọ̀ díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

Mo ń wo oúnjẹ náà. Ó dúró dè mí títí àkókò fi tó láti máa lọ, ó sì lọ.

Wọ́n ti gba onídùúró mi báyìí. Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù, mo jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú rẹ̀, mo sì jẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Lọ́yà mi ní kí n má kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ó ní kò bọ́gbọ́n mu. Mo ní ọgbọ́n tí mo ti lò ti tó.

Nígbà tí Ikrimah padà sí Ìlóra, mo mú àwọn àgbà méjì dání, a lọ bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó jókòó sórí àga pẹ̀lú igi ìtilẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n fi òwe sí i, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ó gbọ́ wọn tán.

"Ẹsẹ̀ yìí, èmi ni mo ni ín," ló wí. "Bó bá jẹ́ ti ẹsẹ̀ ni, bóyá lọ́jọ́ kan mo lè fi jì ọ́. Àmọ́ ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa Sìrájù àti Bàbá Ezekiel?"

Mo mọ̀ ọ́n.

"Wọ́n ní oorun ni wọ́n ń sùn. Sìrájù ló kọ́kọ́ rí nǹkan yẹn, Akin. Òun ló ní ká ké sí ọ̀gá. Èmi ni mo ní ká gbọ́ tìẹ. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń fi í bú Hamidah ìyàwó rẹ̀, pé ọkọ rẹ̀ fi oorun ta ẹ̀mí ara rẹ̀. O mú àwọn àgbà wá bá mi. Ta lo mú lọ bá a?"

Àwọn àgbà kó òwe wọn, a sì jọ padà sílé.

N kò mú ẹnikẹ́ni dání lọ sí Ìwàré. Agbo ilé ńlá ni, àwọn obìnrin ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi. Hamidah kéré lọ́jọ́ orí ju bí mo ṣe rò lọ. Ó fún mi ní àpótí kí n jókòó. Mo ní màá dúró. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo sọ nípa ẹ̀rọ náà, nípa Joel, nípa ìgbà tí Ikrimah pè mí àti irọ́ tí mo pa.

Mo retí èpè. Mo retí omi gbígbóná.

"Ọkọ mi rí i," ló wí.

"Òun ló kọ́kọ́ rí i."

"Ó ní kí wọ́n sọ fún ọ̀gá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ."

"Nítorí náà, kì í ṣe pé ó sùn."

"Kì í ṣe pé ó sùn."

Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó sì yíjú sí àwọn tó wà lábẹ́ igi. Ó pe ìyá ọkọ rẹ̀. Ó pe àwọn ọkùnrin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń pe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí agbo ilé náà fi kún yí mi ká.

Ó ní, "Tún un sọ. Sọ ọ́ sókè."

Mo tún un sọ. Ibi tí mo dé lẹ́yìn ìyẹn ni ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Fídítì, mo sọ ọ́ níbẹ̀, wọn kò sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ni mo wá sọ ọ́ fún báyìí. Bí ẹ bá gbọ́ níbikíbi pé àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó yẹn sùn, ẹ bá mi sọ fún wọn pé wọn kò sùn. Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ sùn.